Akúmúlétọ̀ háídírọ́líìkì: bó ṣe ń tọ́jú ìfúnpá, àti bí a ṣe ń rọ gáàsì sí i

Ẹ wo ẹ̀rọ ìtẹ̀ kan tó ń fẹ́ lítà ọ́ìlì 4 láàárín sẹ́kọ́ńdì 2, tí yóò wá dúró fún sẹ́kọ́ńdì 28 kí òṣìṣẹ́ yọ ohun tó tẹ̀ tán, kó sì gbé òmíràn sí i. Bí pọ́ǹpù nìkan ni yóò dá iṣẹ́ yìí ṣe, ó gbọ́dọ̀ lè gbé lítà 120 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ní ìfúnpá 150 bar, 30 kW ni ìyẹn nínú ọ́ìlì nìkan. Bí a bá ṣírò ohun tí pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ń jẹ mọ́ ọn, mọ́tọ̀ iná 37 kW la ó gbé sídìí rẹ̀. Mọ́tọ̀ ńlá yìí á ṣiṣẹ́ fún sẹ́kọ́ńdì 2, á máa yí lásán fún 28. Bó bá jẹ́ orí fáàfù ààbò ni ọ́ìlì ń gbà padà sí táǹkì ní gbogbo àkókò ìdúró náà, 30 kW yẹn kò lọ síbì kankan, ooru ló dà. Ìdí rèé tí irú táǹkì bẹ́ẹ̀ fi máa ń gbóná, tí wọ́n á tún wá ra ẹ̀rọ amú-ọ́ìlì-tutù tì í: iná mànàmáná lọ lẹ́ẹ̀kan láti mú un gbóná, ó tún lọ lẹ́ẹ̀kejì láti mú un tutù.

Akúmúlétọ̀ kì í dá agbára sílẹ̀. Àkókò tí ẹ̀rọ fi ń sinmi ló ń gbà lò. Pọ́ǹpù kékeré á máa rọra kó ọ́ìlì jọ sínú rẹ̀ nígbà ìsinmi. Bí ẹ̀rọ bá dìde, gbogbo ohun tó kó jọ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Lítà 4 nínú sẹ́kọ́ńdì 30 jẹ́ lítà 8 péré ní ìṣẹ́jú kan. Pọ́ǹpù lítà 10 tó o, mọ́tọ̀ 5.5 kW sì lè yí i dé 210 bar láìmí gúlegúle.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Ọ́ìlì kì í fún pọ̀ tó bí èèyàn ṣe rò. Bí ẹ bá gbé 100 bar lé e lórí, ìdínkù tó máa bá a kò tó ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ọ́ìlì nìkan kò lè fi agbára pamọ́ fún wa. Gáàsì ló ń fún pọ̀, òun náà ló sì ń ta padà bíi sípíríǹgì. Akúmúlétọ̀ kò ju ìgò irin tó nípọn lọ, tí gáàsì náítírójìn wà lápá kan rẹ̀, tí ọ́ìlì wà lápá kejì, tí nǹkan kan sì wà láàárín tí kì í jẹ́ kí àwọn méjèèjì dàpọ̀. Ohun àárín yẹn la fi ń dá wọn mọ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni alápò. Àpò rọ́bà rọ̀ sínú ìgò láti òkè, gáàsì wà nínú àpò, ọ́ìlì ń gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ní ẹnu ìsàlẹ̀ yẹn ni fáàfù kan wà tí orí rẹ̀ rí bí olú. Bí ọ́ìlì bá tán, àpò á tẹ olú náà mọ́lẹ̀, ẹnu á pa dé, rọ́bà kò sì ní ráyè tú yọ sínú páìpù. Alápò máa ń tètè dáhùn, ìdọ̀tí inú ọ́ìlì kì í sì í tètè ṣe é ní ibi. Ohun tí kò gbà ni ìfúnjù: ìfúnpá tó ga jù nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po 4 ìfúnpá gáàsì tí a kọ́kọ́ rọ sí i.

Onípísítìnì ní tirẹ̀ gba ìlọ́po tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè tóbi gan-an, ẹ sì lè dá a dúró tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Síìlì rẹ̀, òrùka tó ń dí àlàfo láàárín písítìnì àti ìgò, ló ń dá wàhálà sílẹ̀: ó ń fa ara mọ́ irin, ọ́ìlì onídọ̀tí sì ń ha inú ìgò títí gáàsì á fi máa yọ́ gbà á kọjá. Ó dáa lójú kan ṣá: díẹ̀díẹ̀ ló ń bàjẹ́, kì í bẹ́ lójijì bí àpò. Aláwọ, tó jẹ́ awọ rọ́bà kan péré láàárín ìgò róbótó, kì í sábà ju lítà 4 lọ. Ìgbọ̀n pọ́ǹpù àti ìkọlù inú páìpù la fi ń pa, kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Èyí tí ẹrù wúwo ń tẹ̀, irú èyí tí William Armstrong ṣe ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 1850 fún kíréènì èbúté, ti di ohun àtijọ́, àmọ́ ó ní ìwà kan tí gáàsì kò ní: ìfúnpá rẹ̀ kì í lọ sílẹ̀ bí ọ́ìlì ti ń tán lọ.

Náítírójìn gbígbẹ nìkan ni gáàsì rẹ̀. Ọ́síjìn kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn láéláé; ọ́síjìn tó bá pàdé ọ́ìlì lábẹ́ ìfúnpá á bú gbàmù. Afẹ́fẹ́ láti inú kọ̀ḿpírẹ́sọ̀ kò dáa jù ú lọ. Ọ́síjìn wà nínú rẹ̀, omi wà nínú rẹ̀, bí rọ́bà bá sì ya, tí ọ́ìlì bá dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ yẹn, fífún un pọ̀ lójijì á mú un gbiná gẹ́gẹ́ bí dísẹ̀lì ṣe ń gbiná nínú ẹ́ńjìnnì.

Ìfúnpá mẹ́ta, àti ìṣirò kan

Nọ́ńbà mẹ́ta ni gbogbo iṣẹ́ yìí rọ̀ mọ́. p0 ni ìfúnpá gáàsì nígbà tí kò tíì sí ẹ̀kán ọ́ìlì kan nínú ìgò; ẹ jẹ́ ká máa pè é ní àkọ́kún. p1 ni ìfúnpá tó kéré jù tí ẹ̀rọ lè fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. p2 ni èyí tó ga jù, níbi tí a ti ń dá pọ́ǹpù lọ́wọ́ kọ́. Ohun tí à ń pè ní ìfúnpá yìí, mẹkáníìkì á pè é ní pírẹ́ṣọ̀. Ohun kan náà ni.

Fún alápò tó ń tọ́jú agbára, àkọ́kún máa ń jẹ́ 0.9 × p1, ní ìwọ̀n ooru tí ẹ̀rọ ń dé lẹ́nu iṣẹ́. Àlàfo kékeré yẹn ló ń jẹ́ kí ọ́ìlì díẹ̀ ṣẹ́ kù sísàlẹ̀, kí àpò má baà máa na olú mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá lo ọ́ìlì. Fún onípísítìnì, p1 tí a yọ 5 bar kúrò nínú rẹ̀ ló wọ́pọ̀. Bó bá jẹ́ ìgbọ̀n pọ́ǹpù la fẹ́ pa, àkọ́kún á wà láàárín 0.6 àti 0.7 ìfúnpá tí ẹ̀rọ sábà máa ń wà.

Ó yá, ẹ̀rọ ìtẹ̀ wa: p1 jẹ́ 150 bar, p2 jẹ́ 210, àkọ́kún jẹ́ 0.9 × 150 = 135. Kí ẹ tó fi èyíkéyìí nínú wọn sínú ìṣirò, ẹ fi 1 kún un. Òdo ni géèjì ń kà nígbà tí afẹ́fẹ́ ayé ti ń fi nǹkan bí bar 1 tẹ gbogbo wa. Gáàsì kò mọ òdo géèjì. Nítorí náà, 151, 211 àti 136 la ó lò.

V0 = ΔV ÷ [(p0/p1)^(1/n) − (p0/p2)^(1/n)]

V0 ni ìtóbi ìgò, ΔV ni ọ́ìlì tí a fẹ́ kó tú jáde. n, nọ́ńbà tó ń sọ bí ooru ṣe ráyè wọ inú gáàsì tàbí jáde tó, ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí gáàsì bá fún pọ̀ jẹ́jẹ́, tó gba ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ooru á ráyè wọlé tàbí jáde, n á jẹ́ 1. Bó bá yá, tí kò tó ìṣẹ́jú kan, n á lọ sí 1.4, nítorí gáàsì tó fẹ̀ lójijì á tutù, ìfúnpá rẹ̀ á já ju bí ẹ ṣe rò. Pẹ̀lú n = 1, ìgò lítà 15.6 ni ìṣirò fún wa. Pẹ̀lú 1.4, ó di lítà 20.3. Ẹni tó bá fi n = 1 ra lítà 16 á rí i pé jáàkì, apá tí ọ́ìlì ń tì láti tẹ nǹkan, ń lọ dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń rọ ní ìparí.

Ó tún kù. Ọ́ìlì ń wọlé jẹ́jẹ́ ju bó ṣe ń tú jáde lọ, torí náà gáàsì ń rí àyè tutù díẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́. Bó bá tutù tán pátápátá, ohun tí a nílò á gùn dé lítà 23. Àwọn ìgò tó wà lórí igbá jẹ́ lítà 10, 20, 32, 50. Àyè gáàsì inú alápò sì máa ń dín díẹ̀ sí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára. Nítorí náà, 20 kò tó. 32 la ó mú. Kì í ṣe ìfiṣòfò: bí ẹ̀rọ bá dúró pẹ́, tí jíjò díẹ̀ bá mú ìfúnpá sọ̀ kalẹ̀ sí 190 kí pọ́ǹpù tó tún dìde, ìgò lítà 32 á ṣì rí lítà 4 yọ jáde.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi p2 sí 170, kí agbára má baà ṣòfò nínú fáàfù tó ń dín ìyára kù. Òótọ́ ni pé ìfúnpá tó ju 150 lọ kò wúlò fún jáàkì yìí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò kan náà pẹ̀lú 170, ẹ ó rí lítà 51. Àlàfo p1 sí p2 tó fẹ̀ ń dín ìgò kù, ó ń fi ooru kún un. Àlàfo tóóró ń dín ooru kù, ó ń sọ ìgò di ràbàtà. Ibi tí ẹ dúró sí wà lọ́wọ́ àyè tí ẹ ní.

Èló ni a ń jèrè gan-an?

Ẹ jẹ́ ká ka agbára inú ọ́ìlì fún ìyípo sẹ́kọ́ńdì 30 kan. Pọ́ǹpù ńlá tó ń gba orí fáàfù ààbò: 30 kW × 30, ìyẹn 900 kJ. Pọ́ǹpù ńlá kan náà, tí a fi fáàfù ìsinmi sí, èyí tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì padà sí táǹkì ní 10 bar péré nígbà tí iṣẹ́ kò sí: 60 fún iṣẹ́, 56 fún ìdúró, àpapọ̀ 116 kJ. Pọ́ǹpù kékeré àti akúmúlétọ̀: nǹkan bí 73 kJ.

Ẹ fi ojú sí nọ́ńbà àárín yẹn. Fáàfù ìsinmi nìkan ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú èrè náà. Oníṣòwò tó bá ń pariwo pé akúmúlétọ̀ dín iná kù dé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ti fi í wé ẹ̀rọ tó burú jù. Èrè tó jẹ́ ti akúmúlétọ̀ gan-an ni pé mọ́tọ̀ 37 kW di 5.5, wáyà rẹ̀ di tínrín, pọ́ǹpù rẹ̀ kéré, ariwo rẹ̀ dín, táǹkì rẹ̀ sì dín.

Agbára tó ń tú jáde nínú ìgò lítà 32 náà kò sì pọ̀. Lítà 4 ní nǹkan bí 178 bar jẹ́ 71 kJ, ìyẹn nǹkan bí wátì-wákàtí 20, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá bátìrì fóònù 5,000 mAh dọ́gba. Ìyàtọ̀ ni pé fóònù ń fi odindi ọjọ́ kan ná tirẹ̀, akúmúlétọ̀ sì ń ná tirẹ̀ láàárín sẹ́kọ́ńdì 2, ní 35 kW. Ibẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ wà.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ so mọ́ ọn

Láti ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, ohun àkọ́kọ́ ni nọn-ritọ́ọ̀nù, fáàfù tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì lọ sí apá kan ṣoṣo, kí ọ́ìlì tó ti wọlé má baà padà wá yí pọ́ǹpù sẹ́yìn nígbà tí mọ́tọ̀ bá kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù ààbò, tó ń jókòó sí ẹnu akúmúlétọ̀ fúnra rẹ̀. Nǹkan mẹ́rin ló wà lára rẹ̀: fáàfù ìtìpa tó ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ, fáàfù ààbò tí a dì pa tí ẹnikẹ́ni kò lè yí, fáàfù ìdàsílẹ̀ tó ń da ọ́ìlì rẹ̀ padà sí táǹkì, àti géèjì. Fáàfù ààbò yìí gbọ́dọ̀ wà láàárín fáàfù ìtìpa àti akúmúlétọ̀. Bí ẹ bá gbé e sí òdìkejì, ẹni tó ti fáàfù pa ti ti ààbò mọ́ta nìyẹn. Ó dáa kí fáàfù ìdàsílẹ̀ kejì tó ń fi iná ṣiṣẹ́ wà, èyí tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ.

Lẹ́yìn akúmúlétọ̀, ẹ fi fáàfù tó ń dín ìyára kù sí iwájú jáàkì. Láìsí i, ọ́ìlì á rọ́ wọlé bí ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó, jáàkì á sì fò.

Ohun tó ń darí pọ́ǹpù lè jẹ́ fáàfù ìsinmi tàbí súwíìṣì ìfúnpá tó ń pa mọ́tọ̀ pátá. Súwíìṣì dáa fún ẹ̀rọ tó ń di nǹkan mú fún wákàtí púpọ̀, bí kúláǹpù. Pọ́ǹpù á kú, ìgò á máa dí ohun tó ń jò. Kò dáa fún ẹ̀rọ ìtẹ̀ wa. Mọ́tọ̀ tó ń kú, tó ń jí ní gbogbo sẹ́kọ́ńdì 30 á jó. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ìfúnpá dúró pẹ́, ẹ má lo fáàfù onísípúùlù, èyí tí ọ̀pá irin ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ nínú rẹ̀, láti tì í, nítorí kò sí sípúùlù tí kì í jò. Fáàfù tó ń jókòó ní tààrà lórí ìjókòó irin ló ń ti ọ́ìlì pa.

Alápò máa ń dúró lóòró, ẹnu ọ́ìlì nísàlẹ̀. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ, àpò á léfòó sórí ọ́ìlì, á máa fara ha irin lójú kan. Ẹ dì í mú pẹ̀lú kúláǹpù, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jókòó lórí àtẹ. Páìpù kọ́ ló yẹ kó gbé e. Ẹ má jó irin mọ́ ara ìgò náà, ẹ má sì lu ú.

Rírọ gáàsì

Ooru ń gbé ìfúnpá gáàsì sókè, nítorí náà 135 bar wa, tó jẹ́ ti 60°C tí ọ́ìlì ń dé lẹ́nu iṣẹ́, kọ́ la ó rọ nínú yàrá tó tutù. A ó fi digírì yàrá àti digírì ẹnu iṣẹ́, tí a fi 273 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣe ìpín: 136 × 293 ÷ 333 = 119.7, a yọ 1, ó ku nǹkan bí 119 bar lórí géèjì ní 20°C. Bí yàrá bá jẹ́ 30°C, ó di nǹkan bí 123. Ẹ kọ nọ́ńbà náà àti ìwọ̀n ooru rẹ̀ sára ìgò. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á dúpẹ́.

1. Ẹ pa mọ́tọ̀, ẹ ti iná rẹ̀ pa, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ẹ ṣí fáàfù ìdàsílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí géèjì dé òdo. Ẹ máa mi ọwọ́ fáàfù jáàkì síwá sẹ́yìn, nítorí ìfúnpá lè sá pamọ́ sínú páìpù kan tí géèjì kò rí. Ẹ fi fáàfù ìdàsílẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí títí iṣẹ́ á fi parí.

2. Bí àpò bá jẹ́ tuntun, ẹ da ọ́ìlì mímọ́ tó tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìtóbi ìgò sínú rẹ̀ kí ẹ tó ti àpò wọlé. Fún lítà 32, nǹkan bí lítà 3. Ẹ yí ìgò kiri kí ó ta sí gbogbo ara. Rọ́bà gbígbẹ á lẹ̀ mọ́ irin níbi tó bá kọ́kọ́ kàn, ibòmíràn á wá na títí á fi fà ya.

3. Ẹ fi rẹ́gúlétọ̀ sí sílíńdà náítírójìn. Sílíńdà tó kún lè gbé 200 bar tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má so ó mọ́ ìgò láìsí rẹ́gúlétọ̀. Ẹ yọ ìdérí ẹnu gáàsì lórí akúmúlétọ̀, ẹ wé irinṣẹ́ ìrọgáàsì mọ́ ọn, pẹ̀lú géèjì rẹ̀, kí ẹ sì so họ́ọ̀sì.

4. Ẹ ṣí sílíńdà díẹ̀ péré, kí gáàsì máa sín wọlé. Láti òdo dé nǹkan bí 4 bar ni ibi tí àpò púpọ̀ ti ń kú. Àpò ń tú ká lọ́wọ́ nígbà yẹn; bí gáàsì bá rọ́ lù ú, ìdí rẹ̀ á yára sọ̀ kalẹ̀, á há sábẹ́ olú, olú á sì gé e bí ọ̀bẹ. Ẹ fi sùúrù ṣe é títí olú á fi pa dé. Lẹ́yìn náà ẹ lè yára díẹ̀.

5. Ẹ rọ ọ́ kọjá ibi tí ẹ ń lọ pẹ̀lú 2 sí 3 bar, kí ẹ ti sílíńdà, kí ẹ wá dúró fún ìṣẹ́jú 15. Gáàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò tíì bá yàrá dọ́gba nínú ooru. Lẹ́yìn ìdúró ni kí ẹ fi irinṣẹ́ náà tú èyí tó bá lé jáde títí dé 119.

6. Ẹ ti ẹnu gáàsì pa, ẹ tú họ́ọ̀sì, ẹ fi ọṣẹ olómi pa ẹnu náà. Bí ìfóòfó bá ń yọ, ó ń jò. Ẹ dá ìdérí padà. Òun náà wà lára ohun tó ń dí i.

Ohun kan tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu: sílíńdà lítà 50 tó kún dé 200 bar, bí ẹ bá ṣí i sí ìgò lítà 32 tó ṣófo, àwọn méjèèjì á dọ́gba ní nǹkan bí 120 bar. Ìgò kan péré ló lè kún, bóyá kó tiẹ̀ kù díẹ̀ kó tó o. Bí ìgò bá pé méjì, ẹ pèsè sílíńdà mìíràn. Bí àkọ́kún bá sì ju ohun tó wà nínú sílíńdà lọ, pọ́ǹpù gáàsì ló kù.

Fún onípísítìnì, ẹ rí i dájú pé ọ̀nà ọ́ìlì ṣí sí táǹkì kí gáàsì lè ti písítìnì dé ìdí. Bí ọ́ìlì bá há lẹ́yìn rẹ̀, géèjì á ka 119 nígbà tí gáàsì kò tó ìdajì.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò láìtú nǹkan kan

Ẹ jẹ́ kí akúmúlétọ̀ kún, kí ẹ pa pọ́ǹpù. Ẹ ṣí fáàfù ìdàsílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ má yọ ojú kúrò lára géèjì. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́: 200, 180, 160, 145. Lójijì, á já lulẹ̀ sí òdo. Ibi tó wà gẹ́ẹ́ kó tó já ni ìfúnpá àkọ́kún, ní ìwọ̀n ooru tí ìgò wà nígbà náà. Àpò ló jókòó lórí olú, ọ́ìlì ló tán. Bí abẹ́rẹ́ bá já láti òkè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láìrọra, kò sí gáàsì níbẹ̀ mọ́.

Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kìíní tí a fi tuntun sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ìgò ìfúnpá tún ní òfin àyẹ̀wò tirẹ̀ ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àtẹ orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni olùyẹ̀wò á kọ́kọ́ béèrè, ẹ má fi ọ̀dà kùn ún pa.

Bí nǹkan bá ń yí padà

Bí fáàfù ìsinmi bá ń ta "tá-tá-tá", tí pọ́ǹpù ń gbé ẹrù, tó ń sọ ọ́, láàárín sẹ́kọ́ńdì bíi mélòó kan, àkọ́kún ti lọ. Kò sí àyè tí ọ́ìlì lè wọ̀ mọ́, ìfúnpá ń fò sókè, ó ń já wálẹ̀. Èyí ni àmì tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́, etí sì máa ń mú un kí géèjì tó sọ ọ́.

Àkọ́kún tó kéré jù ń pa àpò láti òkè: ọ́ìlì á tì í mọ́ orí ìgò, á rún un mọ́ ẹnu gáàsì, á gún un. Nínú onípísítìnì, písítìnì á máa kọlu orí ìgò. Èyí tó pọ̀ jù ń pa á láti ìsàlẹ̀: ní gbogbo ìyípo, àpò á na olú, olú á máa gé ìdí àpò, ọ́ìlì tó sì lè wọlé kò ní pọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá yọ àpò tó ya, ẹ wo ibi tó ti ya kí ẹ tó jù ú nù. Òkè ló ti ya? Gáàsì kéré. Ìdí ni? Gáàsì pọ̀, tàbí ẹnì kan kánjú nígbà ìrọ. Bí ara rẹ̀ bá le gbagidi tó ń sán bí awọ gbígbẹ, ooru ni. Bó bá wú, tó rọ̀ jọ̀jọ̀, ọ́ìlì náà kò bá rọ́bà náà mu.

Lórí ìyẹn: rọ́bà NBR ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ, ó bá ọ́ìlì háídírọ́líìkì tó wọ́pọ̀ mu títí dé nǹkan bí 80°C. Fún ooru tó ju ìyẹn lọ, rọ́bà FKM. Nínú ọ́ìlì phosphate ester tí kì í tètè gbiná, NBR á wú, á sì rọ̀. Rọ́bà butyl ló gbà á.

Ìfóòfó tó ṣàdédé kún táǹkì túmọ̀ sí pé gáàsì ti wọnú ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó yọ lẹ́nu gáàsì nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ túmọ̀ sí pé àpò ti ya tàbí síìlì písítìnì ti jẹ. Ẹ má rọ gáàsì sí irú rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú ìrètí pé á dúró.

Bí ẹ bá ń wá ibi tó ń jò, páálí ni kí ẹ fi wá a, ẹ má fi ọwọ́. Ọ́ìlì tó ń ta láti ihò tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ń gún awọ ara wọlé. Ojú ọgbẹ́ á kéré, ó lè má dùn ní wákàtí àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀ràn iṣẹ́ abẹ ni. Ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ọ́ìlì ìfúnpá ló wọlé.

Ibi tí kò ti wúlò

Ẹ̀rọ tó ń lo ọ́ìlì ní ìwọ̀n kan náà láti àárọ̀ dálẹ́ kò ní ìsinmi tí a lè gbà lò. Akúmúlétọ̀ á kàn jókòó síbẹ̀ ni. Bí ìyàtọ̀ bá kéré, pọ́ǹpù tó ń yí ìwọ̀n ara rẹ̀ padà tàbí mọ́tọ̀ tí ìyára rẹ̀ ń yí padà á ṣe é pẹ̀lú wàhálà tó dín. Níbi tó ti ń tàn ni ibi tí iṣẹ́ ti ń wá ní wàrà, tí ìdúró gùn, tàbí ibi tí ẹrù ń sọ̀ kalẹ̀: apá ẹ̀rọ ìwalẹ̀ tó ń bọ̀ nílẹ̀, ọkọ̀ akólẹ̀ tó ń tẹ bíréèkì ní gbogbo ojúlé. Níbẹ̀, ọ́ìlì tí ẹrù náà tì padà lè wọ inú ìgò dípò kó di ooru nínú fáàfù, kí ìgbésókè tó kàn sì jẹ nínú rẹ̀.

Ìgò tí iṣẹ́ rẹ̀ tán náà ṣì ní gáàsì nínú, kódà bí kò bá sí ọ́ìlì nínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Kí ẹ tó gbé e fún alápadà irin, ẹ fi irinṣẹ́ ìrọgáàsì tú náítírójìn rẹ̀ jáde jẹ́jẹ́ níta gbangba, nítorí nínú yàrá tó pa dé ó lè lé ọ́síjìn tí èèyàn ń mí jáde. Nígbà tí kò bá dún mọ́, ẹ yọ fáàfù gáàsì náà kúrò pátápátá, kí ihò rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹni tó máa gé e láti rí.